Ọjọ́ ìṣípò pẹ̀lú ológbò méjì: láti Kétu dé Ṣábẹ̀

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Faransé, a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé camping-car wa wá sí Kútọnu, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Inú rẹ̀ là ń gbé bí a ṣe ń kí àwọn ẹbí láti ìlú dé ìlú. Ológbò méjì ló wà lọ́dọ̀ wa: Minou, abo, ọmọ ọdún 10, àti Dúdú, akọ, ọmọ ọdún 3, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Lọ́jọ́ tí a kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, ojú wa rí nǹkan. Minou lọ há sábẹ́ àga awakọ̀. Dúdú ké láti Ouando títí dé Sàkẹ́tẹ́, ó bì, ó sì tọ̀ sórí ibùsùn. Nígbà tí a dúró ní Pọ́bẹ̀ láti ra omi, bí ọkọ mi ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí ni Dúdú fò bọ́ sílẹ̀. Wákàtí 3 la fi wá a kí a tó rí i nínú gọ́tà. Ẹkún ni mo sun dé Kétu. Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí, Minou ò tíì jẹun bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, Ṣábẹ̀ ló kàn. Àǹtí mi ní kí n fún wọn ní paracetamol tàbí Valium kí wọ́n lè sùn. Àwọn mìíràn ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹbí ní Kétu. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn:

Ìyá mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú ọkàn líle náà. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Ṣábẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì wà nínú lẹ́tà yín tí kò lè dúró di ọ̀la.

Ti Minou ni àkọ́kọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí. Ajá lè fi ọjọ́ mélòó kan gbààwẹ̀ kó sì tún dìde, ológbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti lo ọjọ́ 2 sí 3 láìjẹun, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tó kó pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lágbára láti lo gbogbo ọ̀rá náà tán. Ọ̀rá á kún inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Èyí tó sanra ni àìsàn náà máa ń tètè mú jù. Ẹ ní kò jẹun "bó ṣe yẹ", ìyẹn ni pé ó ń tọ́ nǹkan díẹ̀ wò, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ti pẹ́ jù fún ológbò ọlọ́dún mẹ́wàá. Ẹ sọ fún dókítà náà pé kí ó yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò bí ó bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ọ̀rọ̀ oògùn. Kí ẹ tó lọ, ẹ bọ ẹja díẹ̀ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́), kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òórùn rẹ̀ sì máa ta. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ má fi ipá kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìkejì ni paracetamol. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí yín, ire ni wọ́n rò, àmọ́ májèlé gidi ni fún ológbò. Ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn tó ń sọ oògùn yìí di aláìléwu, ti ológbò kò tó nǹkan. Hóró kan péré tí àwa ń lò fún ẹ̀fọ́rí lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara mọ́, èrìgì rẹ̀ á ṣú, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á wú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún wọn ní ìdajì hóró pàápàá, ẹ má dúró wo bí ó ṣe máa rí. Oògùn tó ń bá a jà wà, N-acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe tètè lò ó ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ má fún wọn ní Valium oníhóró náà. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ológbò kan jẹ́ kọjá àtúnṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ṣáájú bóyá tiyín wà lára wọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìṣípò.

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé Ouando ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ ń ká àga àti tábìlì ìta, ẹ ń pa kọ́bọ́ọ̀dù dé, ẹ ń yọ páìpù omi, ẹ̀yin àti bàbá ń bi ara yín léèrè bóyá gáàsì ti wà ní pípa. Ológbò ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹranko tó máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra gbogbo igun ilé ni. Òórùn tí àwa kò lè gbọ́ ló ń fi síbẹ̀, òórùn náà ló sì ń sọ fún un pé ilé òun nìyí, kò séwu níbí. Ẹ ti gbé ìdajì àwọn igun náà kúrò níbi tí wọ́n wà kí aago méje tó lù.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ wá mì. Ẹni tó ń fi takisí gbé ológbò ń mú un kúrò nínú ilé lọ sínú ohun àjèjì, bí ó bá sì padà dé, ilé rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ní tiyín, ilé fúnra rẹ̀ ló dìde tó ń rìn. Ibi tó sùn lánàá ló ń mì tìtì lónìí, ibẹ̀ ló ń pariwo, ibẹ̀ ló ń rùn epo. Ilé tí ì bá sá wọ̀ náà ló ń lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí Minou fi wá ihò tó há jù lọ, tí Dúdú sì gba ẹnu ọ̀nà lọ nígbà tó kọ́kọ́ ṣí. Ìtọ̀ orí ibùsùn náà, ẹ̀rù ló fà á. Kò bínú sí yín, kò sì ń gbẹ̀san.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe, gbogbo ìyókù dúró lé e lórí. Kí ibì kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tí kì í yí padà, bóyá ọkọ̀ dúró, bóyá ó ń rìn. Ibẹ̀ ni àpótí. Kí ológbò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí wọ́n sì ti wà nínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù kankan lọ́jọ́ ìrìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní ológbò àwọn kórìíra àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ burúkú nìkan ni wọ́n ń rí i, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tàbí ọjọ́ ìrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ ní tó láti yí ìyẹn padà. Láti alẹ́ òní, ẹ gbé àpótí méjèèjì sílẹ̀ níbi tí ẹ máa so wọ́n mọ́ nígbà ìrìn, ẹ yọ ilẹ̀kùn wọn kúrò pátápátá, ẹ sì tẹ́ aṣọ tí ẹ ti wọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀ sínú wọn. Ẹ má ti ẹnikẹ́ni wọlé. Oúnjẹ ni kí ẹ máa gbé súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́tùnla lẹ́nu rẹ̀, títí àwo á fi wà nísàlẹ̀ inú pátá. Bí ó bá ti ń jẹun níbẹ̀ láìwẹ̀yìn, ẹ dá ilẹ̀kùn padà, kí ẹ máa tì í fún ìwọ̀n ìgbà tó fi ń jẹun, kí ẹ sì ṣí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ ó gbé e sókè kí ẹ rìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀ láìrìn, ẹ tún pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ dé ìtòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, kí ẹ padà, ẹ sì fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù bí ẹ bá dé. Ìpele tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọ̀, ẹ padà sí ti ìṣáájú kí ẹ lo ọjọ́ kan tàbí méjì sí i níbẹ̀. Dúdú lè yára kọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Minou títí yóò fi padà máa jẹun dáadáa.

Èyí tó dára jù ni àpótí oníke líle tí òrùlé rẹ̀ ṣeé yọ, torí dókítà lè yẹ ológbò wò nínú ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìfà á jáde. Wọ́n ń tà á ní Kútọnu. Bí ẹ kò bá rí ẹni rà á wá, káfíńtà tó bá mọṣẹ́ ní Kétu lè fi pátákó pẹlẹbẹ kàn án, kí ó fi wáyà sí ẹ̀gbẹ́ méjì fún afẹ́fẹ́, kí ó sì fi ọ̀pá ìdènà irin sí ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí ó kùn ún, òórùn ọ̀dà á lé wọn. Kí ó tóbi débi tí ológbò lè dìde dúró kí ó sì yípo nínú rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà máa yí gbiri bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ má fi àgò tí wọ́n fi ń gbé adìyẹ lọ sọ́jà Àdjarra ṣe é. Ológbò tí ẹ̀rù ń bà á ti ọwọ́ yọ, á fa ọ̀pá rẹ̀ ya, okùn ẹnu rẹ̀ á sì tú lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀, lẹ́yìn àga iwájú, ni kí ẹ gbé wọn sí, tàbí kí ẹ fi bẹ́líìtì so wọ́n mọ́ àga. Kì í ṣe orí tábìlì tàbí ibùsùn. Ológbò kílò 5 nínú àpótí tí a kò so, bí bàbá bá tẹ bíréèkì lójijì nítorí ọlọ́kadà tó já sójú títì, á fò lu ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ojú kan wà ní ṣíṣí fún afẹ́fẹ́. Kí àpótí méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kí ojú wọn má kọ síra. Ológbò tí ẹ̀rù bá bà máa ń kọjú ìjà sí èyí tó bá kọ́kọ́ rí, mo sì ti rí àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ fún ọdún púpọ̀ tí wọn kò bá ara wọn rẹ́ mọ́ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn, ẹ ṣe gbogbo ohun tó ní ariwo ní ọ̀sán: ẹ pọn omi, ẹ ra epo, ẹ ká ohun ìta. Bí epo bá wọ́n ní ilé epo tí ẹ sì ra kpayo, epo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, inú táńkì ni kí gbogbo rẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ sí gálọ́ọ̀nù kan nínú yàrá ọkọ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú ológbò bì, bí ó bá sì ta sí i lára, á lá a, á sì gbé e mì. Oúnjẹ alẹ́ ni kí wọ́n jẹ kẹ́yìn. Kí ikùn wọn ti ṣófo fún wákàtí 3 sí 4 kí ọkọ̀ tó gbéra, àmọ́ kí omi wà nílẹ̀ fún wọn.

Ìdájí ni kí ẹ gbéra. Ẹnì kan nínú yín, ẹ̀yin ni mo rò pé ó yẹ, ni kí ó máa bójú tó ológbò nìkan lọ́jọ́ náà. Kí bàbá bójú tó ọkọ̀. Ẹ fi ẹja bíńtín mú wọn wọ àpótí, ẹ tì í, ẹ fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn rẹ̀ wò. Nígbà náà ni kí iná tàn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kọ́bọ́ọ̀dù. Kí bàbá má tan ọkọ̀ títí ẹ̀yin yóò fi sọ pé ẹ ti fi ojú ara yín rí àwọn méjèèjì. Ihò abẹ́ àga awakọ̀ náà, ẹ fi pátákó tàbí fóòmù dí i kí ẹ tó kúrò ní Kétu, àti gbogbo ihò tó wà lẹ́yìn fíríìjì àti nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ológbò tó bá yọ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lè dí bíréèkì, gbogbo yín lẹ máa wà nínú ewu.

Ọ̀nà tí mo bá yín yàn ni èyí tó gba Covè bọ́ sí Bohicon, kí ẹ tó gba Ìdáàṣà àti Glazoué gòkè lọ sí Ṣábẹ̀. Ẹ lè rìn ín tán lóòjọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Minou. Ẹ sùn ní Ìdáàṣà. (Bí ó bá jẹ́ àárín oṣù kẹjọ, ẹ wá ibòmíràn sùn, nítorí àwọn Kátólíìkì tó ń ṣe ìrìn àjò ìsìn lọ sí ihò Arigbo máa ń kún ìlú náà, kò sì ní sí ibi tó dákẹ́.) Kí bàbá wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin: òkìtì ojú ọ̀nà àti kọ́nà tí a fi eré gbà ló ń dà wọ́n nínú rú, ju jíjìn ọ̀nà lọ. Bí Dúdú bá ń ké, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣí àpótí. Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn: àánú á ṣe wá, a ó ní kó wá jókòó lẹ́sẹ̀ wa díẹ̀, ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró, bàbá á sọ gíláàsì kalẹ̀ láti fi ìwé hàn, ó parí.

Òfin ilẹ̀kùn ni kí ẹ̀yin méjèèjì mú ní kókó: kò sí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó gbọdọ̀ ṣí lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ fún omi, fún ọlọ́pàá tàbí fún ìgbọ̀nsẹ̀, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ti kan àpótí méjèèjì tó sì ti rí i pé wọ́n wà ní títì. Kí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn béèrè, kí ẹnì kejì dáhùn.

Ooru ni mo ń bẹ̀rù jù fún wọn ní apá ọ̀nà yẹn. Ara ológbò tó dá ṣáṣá wà láàárín ìwọ̀n 38 sí 39 Celsius. Bí ó bá ti kọjá 40, ó ti wọ ewu. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, ìyẹn kò sì tó láti tu ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn lè fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10, àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ lójú fèrèsé kò sì dín in kù tó bí ẹ ṣe rò. Nítorí náà, ẹ má pa ọkọ̀ ní Bohicon kí ẹ̀yin méjèèjì lọ jẹun. Ọ̀kan á jókòó tì wọ́n lábẹ́ ibòji, ọ̀kan á lọ ra oúnjẹ wá. Bí ológbò bá ya ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ẹ dúró. Ẹ fi omi lásán, kì í ṣe yìnyín, rẹ ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá dókítà ní ìlú tó súnmọ́ yín jù. Ajá máa ń mí bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan. Ológbò kì í ṣe é lásán.

Ọ̀rọ̀ oògùn. Gabapentin ni ọ̀pọ̀ àwa dókítà ẹranko ń lò lónìí fún ìbẹ̀rù ìrìn àjò. Ilé oògùn ènìyàn ló ti ń wá, kápúsù ni, a sì ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹja tútù torí ó korò. Fún ológbò tó tóbi tán, mílígíráàmù 50 sí 100 la sábà ń fún un, ní wákàtí 2 sí 3 kí ọkọ̀ tó gbéra. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń gbé e jáde kúrò nínú ara, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n yẹ ti Minou wò. Bí tirẹ̀ kò bá dára, ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ dín kù. Kí dókítà tó bá yẹ̀ wọ́n wò ló sọ iye tí wọ́n máa lò. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan tí ẹ kò rìn, kí ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣe wọ́n: ẹsẹ̀ wọn lè máa ta, wọ́n lè sùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì máa ń kọjá. Fún èébì Dúdú, maropitant wà, oògùn tí wọ́n ṣe fún ẹranko ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní acepromazine, ẹ kọ̀ ọ́. Ara ló ń mú rọ, kò mú ẹ̀rù kúrò: ológbò á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ̀yin á rò pé ó ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ìpayà rẹ̀ wà bó ṣe wà. Feliway tí wọ́n ń fọ́n, tó fara wé òórùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò, lè ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ fọ́n ọn sínú àpótí ní ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kí ọtí inú rẹ̀ ti gbẹ.

Bí ẹ bá dé Ṣábẹ̀, ẹ má pa ọkọ̀ sí ìdí àpáta. Mo mọ̀ pé àwọn òkè náà wu ojú, àmọ́ àpáta tó ti gba oòrùn látàárọ̀ máa ń tú ooru rẹ̀ jáde títí di òru, bí ológbò bá sì já bọ́ sínú àwọn ihò àárín òkúta yẹn, ẹ lè má rí i mọ́. Abẹ́ igi, nínú ọgbà ilé ẹbí tó ní ẹnu ọ̀nà títì, ni ó dára jù. Àwo yanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ yanrìn àtijọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ òórùn ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti fèrèsé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí àpótí, kí ẹ sì lọ ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ má fà wọ́n jáde. Bí Minou bá fẹ́ lo ọjọ́ náà nínú rẹ̀, ilé rẹ̀ ni. Kí wọ́n má jáde síta ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn rárá.

Ẹ máa ṣọ́ ìtọ̀ Dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdààmú máa ń mú àpò ìtọ̀ àwọn akọ wú, ihò wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó lè dí. Bí ó bá ń lọ sórí yanrìn léraléra, tó ń tiraka, tó ń lá ara rẹ̀, tí kò sì sí nǹkan tó jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló lè pa á. Ibùsùn tó tọ̀ sí ńkọ́? Omi tútù, ọṣẹ àti oòrùn ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Javel, omi tí a fi ń mú aṣọ funfun, tó bá pàdé ìtọ̀ ń mú èéfín burúkú jáde.

Bí Dúdú bá tún sá, ẹ rántí gọ́tà Pọ́bẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 rí i pé nínú àwọn ológbò tó sọnù tí wọ́n sì rí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò kọjá 500 mítà síbi tí wọ́n ti sọnù. Wọ́n máa ń fara pamọ́ sítòsí, wọ́n sì máa ń dákẹ́ bí ẹ tilẹ̀ pe orúkọ wọn. Ẹ má kó èrò jọ láti máa pariwo. Ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ̀yin méjì péré mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, inú gọ́tà, ẹ̀yìn igi ìdáná. Ojú rẹ̀ á dán padà sí yín.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ń wo ológbò dúdú kò dára. Àwọn kan á ní àjẹ́ ni, wọ́n á sì jù ú lókò. Ó ń dùn mí gan-an, ẹranko yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ fi kọ́là aláwọ̀ títàn tó ní nọ́ńbà fóònù yín sí i lọ́rùn, irú èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ó bá há síbì kan. Bí ẹ bá dé, ẹ lọ kí olórí àdúgbò, ẹ sọ fún un pé ológbò méjì ń bẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi fọ́tò wọn hàn án, kí ẹ sì pe àwọn ọmọdé àdúgbò wá wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọmọdé tó bá ti mọ orúkọ Dúdú kò ní sọ òkò lù ú, òun náà ló sì máa sáré wá sọ fún yín bí ó bá rí i níta.

Ní ti pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Kétu, mi ò fara mọ́ ọn. Ilé wọn ti ń rìn, ẹ̀yin nìkan ló kù fún wọn. Bí ẹ bá tún yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ tó ṣẹ́kù, ológbò tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ sì máa ń sá kúrò nílé tí wọ́n gbé e sí láti wá ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ara Minou kò bá tíì le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ pe àwọn ẹbí Ṣábẹ̀ kí ẹ sún ọjọ́ síwájú. Á yé wọn, wọ́n ti ń retí yín látọdún yìí.

Ohun kan tí ẹ kò bi mí léèrè, àmọ́ tó lè dí ọ̀nà ìpadà yín. Bẹ̀nẹ̀ kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ Yúróòpù ti ń gba ológbò wọlé láìsí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dìgbòlugi. Bí ẹ bá ti ṣe àyẹ̀wò náà ní Faransé kí ẹ tó gbéra, tó sì wà nínú ìwé wọn, ó tó, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn kọjá. Bí ẹ kò bá ṣe é, ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀, ẹ ó sì dúró fún oṣù 3 lẹ́yìn náà kí wọ́n tó lè wọlé. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń gbé Minou lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, ẹ mú ìwé àwọn méjèèjì dání, kí ó wo ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ wọn máa parí, kí ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀, bí ó bá ní, ka ṣíìpù ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ awọ wọn bóyá nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 15 inú rẹ̀ bá tinú ìwé mu.